Ohùn Tó Ń Fọ́ Nínú Àpótí Tí Ẹ Fi Ránṣẹ́

Yàrá ẹ̀yìn,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán.

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Mo lérò pé ara yín le, pé ẹ̀yìn tó ń dùn yín tí ẹ bá gbé ilẹ̀kùn irin ti rọlẹ̀, àti pé ọ̀gá yín níbi iṣẹ́ ṣì ń rántí pé ènìyàn ni yín. Àwa náà wà ní àlàáfíà. Mọ́mì ṣì ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní wọ́ọ̀dù. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni wọ́n ń sùn, ó di aago mẹ́ta ọ̀sán, èmi sì ń yọ́ rìn nínú ilé bí olè tó ti sanwó ilé.

Ẹ ní kí n kọ ọ̀rọ̀ àpótí náà sílẹ̀, torí ìsinmi ọ̀sán yín ò ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, àlàyé mi lórí fóònù sì ti jẹ odindi ìsinmi mẹ́ta. Òun nìyí.

Ẹ rántí olórí ẹgbẹ́ olórin tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Bọ̀dá Tún-un-ṣe. Onígìtá wọn kan ti fi wọ́n sílẹ̀. Wọ́n ní kí n gba orin kan sílẹ̀ sórí fóònù, kí n fi ránṣẹ́ kí aago méjìlá ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì tó lù. Gìtá tó mọ́ ni wọ́n fẹ́, tí ènìyàn á máa gbọ́ okùn kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Tí wọ́n bá gbà mí, iṣẹ́ àkọ́kọ́ nìyẹn láti ìgbà tí mo ti parí ní pólì. Mo fi ti àkọ́kọ́ ránṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé. Èsì wọn ni pé, “Ṣé gìtá lò ń ta ni, àbí ò ń din nǹkan? Tún un ṣe.”

Wọn ò purọ́ mọ́ mi. Bí ẹ ṣe wí ni mo ṣe é: áńpílífáyà yín wọ inú àpótí adínhùn, àpótí adínhùn wọ inú sípíkà, kí àpótí náà máa gbé èyí tó pọ̀ jù nínú ohùn mì, kí ìwọ̀nba tó kù dé sípíkà. Mo yí àpótí sísàlẹ̀ pátápátá nítorí oorun Mọ́mì. Mo wá yí áńpílífáyà fúnra rẹ̀ dé mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá, torí mo rò pé níwọ̀n ìgbà tí nǹkan kan ti ń gbé e mì, ọ̀fẹ́ ni. Ohùn náà kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń fọ́, ó ń ha, bí ìgbà tí wọ́n ń wọ́ àga lórí sìmẹ́ńtì.

Mo kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ iná fún ọdún méjì ní pólì. Wọ́n kọ́ wa bí a ṣe ń ya àwòrán rẹ̀. Nítorí náà, mo pààrọ̀ okùn gìtá, mo yí gbogbo bọ́tìnnì, mo tú ẹ̀yìn sípíkà, mo tún un dè, mo gbé gbogbo ẹrù náà lọ sí igun kejì, lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ṣì ń fọ́, mi ò sì mọ èyí tí mo ti ṣe mọ́. Mo lọ bá alátùn-únṣe rédíò tó wà nísàlẹ̀ ilé wa. Ó fara balẹ̀ gbọ́ mi, ó ní sípíkà tuntun ni mo nílò. Sípíkà ló ń tà.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ní nǹkan bí aago mọ́kànlá àárọ̀, Mọ́mì jáde sí mi pẹ̀lú ìrọ̀rí lọ́wọ́. Mo ti ń to ẹ̀bẹ̀ jọ. Wọ́n ní, “Ariwo kọ́ ló jí mi. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo ti ń gbọ́ ariwo ní wọ́ọ̀dù. Ohun tí mò ń gbọ́ lára ògiri yìí dà bí ẹni tí èémí rẹ̀ ń há. Etí nọ́ọ̀sì ò lè sùn tó bá gbọ́ ìyẹn. Kí ló ń ṣe é?” Mo ní mi ò mọ̀. Wọ́n bi mí pé kí ni mo ti fún un. Mo ka gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n wò mí bí wọ́n ṣe máa ń wo mọ̀lẹ́bí tó fún aláìsàn ní oògùn lẹ́yìn dókítà. Wọ́n ní, “Oògùn mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà. Tó bá yá, o ò ní mọ ohun tó wò ó. Tó bá kú, o ò ní mọ ohun tó pa á.”

Wọ́n fa ìlà sórí bébà, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú áńpílífáyà yín: àkókò, ohun tí a yí padà, ohun tí a gbọ́. Ohun kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ fi ìka tọ wáyà kọ̀ọ̀kan láti ibi tó ti jáde dé ibi tó wọlé, bí àwọn ṣe ń tọ rọ́bà omi aláìsàn. Níbẹ̀ ni mo ti rí i pé wáyà gìtá tẹ́ẹ́rẹ́ ni mo fi so áńpílífáyà mọ́ àpótí, kì í ṣe wáyà sípíkà tó nípọn tí ẹ dì mọ́ ọn. Ó gbóná mọ́ mi lọ́wọ́. Mo pa iná kí n tó pààrọ̀ rẹ̀, ẹ fọkàn balẹ̀. Ìdí tí mo fi lo èyí tẹ́ẹ́rẹ́ ni pé àwọ̀ rẹ̀ bá ti àpótí mu.

Ohùn náà sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n tí mo bá ta okùn tó nípọn jù, nǹkan kan ń gbọ̀n. Mọ́mì gbé fótò yín kúrò lórí sípíkà, èyí tí ẹ wọ aṣọ dúdú gbàgẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ gba ìwé ẹ̀rí. Ìgbọ̀n náà dákẹ́. Gíláàsì rẹ̀ ni. Nígbà tí à ń fi ohùn ńlá ta á, kí àpótí tó dé, kò sẹ́ni tó lè gbọ́ ìgbọ̀n yín lábẹ́ rẹ̀. Ẹ wà lórí àga báyìí, ẹ kọjú sí ògiri.

Ó wá ku fífọ́ gan-an. Mò ń rẹ áńpílífáyà sílẹ̀ ní nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, mò ń kọ ọ́ sórí bébà. Mẹ́sàn-án, ó fọ́. Mẹ́jọ, ó fọ́. Mẹ́fà, ó ń ha tí mo bá fi agbára ta á. Mẹ́rin, ó mọ́. Mo jókòó. Inú áńpílífáyà ni ohùn náà ti ń fọ́, kó tó dé ọ̀dọ̀ àpótí rárá. Àpótí kàn ń gba ohùn tó ti fọ́ tẹ́lẹ̀, ó ń gbé e fún sípíkà ní kékeré. Mo fi áńpílífáyà sí mẹ́rin, mo yí àpótí sókè díẹ̀, ohùn tó kéré tó sì mọ́ jáde. Ẹ má sọ fún olùkọ́ mi kankan.

Lọ́jọ́rú, mo ta á láti aago mẹ́sàn-án di ọ̀sán, Mọ́mì ò sì jáde sí mi; mo rò pé wọ́n ń sùn ni. Ìgbà yẹn ni wàhálà tòótọ́ bẹ̀rẹ̀: mo ń gbọ́ ara mi. Ìka mi ń pẹ́ kó tó dé okùn kẹta, ibi tí mo sì rò pé mò ń sáré, ṣe ni mò ń fò ó. Fífọ́ yẹn ti ń bo àṣírí mi láti ọdún tó kọjá. Nígbà tí Mọ́mì jáde ní aago mẹ́ta, wọ́n jókòó, wọ́n gbọ́ orin náà tán, wọ́n fa ìlà sábẹ́ bébà, wọ́n ní, “Ẹ̀rọ ti yá. Ó ku ẹni tó ń lò ó.”

Mo fi gbogbo Ọjọ́bọ̀ ta ibi kan náà, díẹ̀díẹ̀, títí ìka mi fi wú. Lọ́jọ́ Ẹtì, nígbà tó ku ogún ìṣẹ́jú, mo fi í ránṣẹ́. Àṣìṣe kan ṣì wà ní ìlà kẹrin. Mo gbọ́ ọ, kò sì sí ibi tí mo lè fi í pamọ́ sí. Bọ̀dá Tún-un-ṣe ò fèsì títí di ìrọ̀lẹ́. Wọ́n wá kọ̀wé pé: “Mo gbọ́ ibi tí o ti ṣì í ní ìlà kẹrin. Lọ́jọ́ Ajé, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ẹni tí mo bá ń gbọ́ àṣìṣe rẹ̀ ni mo lè bá ṣiṣẹ́. Máa bọ̀ ní aago mẹ́rin ọjọ́ Ìṣẹ́gun.” Mo kà á nígbà mẹ́fà. Mo lọ sọ fún Mọ́mì, wọ́n ń wọ bàtà iṣẹ́ wọn lọ́wọ́. Wọ́n so okùn bàtà náà tán, wọ́n ní kí n lọ jẹun.

Kí Ọlọ́run dá ojú àti ọwọ́ yín sí nídìí iná tí ẹ fi ń jó irin. Ẹ ó lọ ire, ẹ ó bọ̀ ire, a ó sì jọ jókòó sínú ilé yìí láìpẹ́.

Èmi ni àbúrò yín,
tí kì í ṣe aláìríṣẹ́ mọ́ láti ọjọ́ Ẹtì.

Àfikún: Mọ́mì ka lẹ́tà yìí kí n tó lẹ̀ ẹ́ pa. Wọ́n ní àwọn ò sùn rárá lọ́jọ́rú. Wọ́n kàn dùbúlẹ̀, wọ́n ń gbọ́ mi. Wọ́n ní tí mo bá tún fẹ́ ta á, kí n ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀.