Wàláà Orúkọ Àwọn Ọmọ Kéú

Ẹ̀pẹ́. Àlàádì, ọjọ́ kẹta oṣù Rájábù, 1275

A ò tíì ṣe fìdáù ogójì ọjọ́ Ṣàmsúdéènì, àbúrò rẹ̀ ti ń pín ilé. Bàdírù. Tẹ̀sùbáà Gígùn ni mo ń pè é nínú ikùn mi — ilẹ̀kẹ̀ rẹ̀ gùn ju àdúrà rẹ̀ lọ. Ó ní Mùsílímátù wà lára ẹrú tí òun jogún. Ọmọ Àlímì agbẹ́kọ̀! Ọdún méje sẹ́yìn, nígbà tí a sá kúrò l'Ékòó, omi gbé bàbá rẹ̀ lọ. Ṣàmsúdéènì fa ọmọ sínú ọkọ̀, ó sì tọ́ ọ dàgbà. Ìyẹn ló wá di ẹrú. Ojú ò ti aráyé.

Àtàlátà, ọjọ́ karùn-ún

Àwọn àgbà dá sí i. Àwọn tó mọ Àlímì ti kú tán, ó ku èmi. Mo ní mo ní ẹ̀rí: wàláà, pátákó igi tí mo kọ gbogbo ọmọ kéú mi sí l'Ékòó. Orúkọ ọmọ, orúkọ bàbá, ọjọ́ tí bàbá mú un wá; ti Mùsílímátù wà níbẹ̀. Aṣọ ni mo fi wé e la ọ̀sà kọjá, mi ò gbé ìkòkò kan. Wọ́n ní kí n mú un wá ní Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun. Tẹ̀sùbáà Gígùn ò lè wò mí lójú. Inú mi dùn.

Àlàrùbá

Ibà. Mo dùbúlẹ̀.

Jímọ̀, ọjọ́ kẹjọ

Ara fúyẹ́. Mo nawọ́ mú wàláà lórí ògiri. Ó mọ́ tónítóní.

Mùsílímátù ló tọ́jú mi. Ó ní hàntú, omi tí a fi fọ Àlùkùráánì kúrò lára wàláà fún aláìsàn, ni mo ń pariwo rẹ̀ ṣáá. Ó wá wàláà tí wọ́n kọ nǹkan sí, ó fi omi fọ tàdáwà tí wọ́n fi kọ ọ́ sínú àwo, ó bù ú fún mi. Mo rántí ohùn rẹ̀: "Ẹ mu ún tán, Àfáà." Ó korò. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo bi í pé ṣé kò rí i pé kì í ṣe Àlùkùráánì ni. Ó dorí kodò. Ó ní, "Àfáà, ẹ ò kọ́ wa ní kíkà. Ẹ ní kí àwa obìnrin ṣáà máa wí tẹ̀lé yín."

Òótọ́ ni. Èmi ni mo ní kí lobìnrin fẹ́ fi kíkà ṣe.

Mo gbé wàláà lásán lọ síwájú àwọn àgbà. Mo ní mo ti mu ún. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Bàdírù mú ẹlẹ́rìí méjì wá tí wọ́n ní ẹrú ni; àwọn àgbà gbà.

Àlàmísì, ọjọ́ kẹrìnlá

Ọkọ̀ gbé Mùsílímátù lọ sí Ìjẹ̀dé láàárọ̀, sọ́dọ̀ ẹni tó rà á. Ó kúnlẹ̀ kí mi ní etí omi. Ó bi mí bóyá ara mi ti yá.

Ara mi ti yá.

Mo jókòó láti tún orúkọ wọn kọ. Nínú mẹ́tàlélógójì, mọ́kànlá péré ni mo rántí. Mo wá ń ṣí ìwé tákàdá tí mo ń kọ yìí láti ẹ̀yìn wá: eyín tó ń ro mí, ẹnu ìyá ìyàwó mi, ẹja tó wọ́n. Gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀, kò sí ọ̀kan tó parẹ́. Mo ní tákàdá fún ìráhùn mi. Ara igi ni mo kọ àwọn ọmọ sí.