Ọwọ́ Mi Nínú Kọ̀ǹpútà

Ìyá àwọn ọmọ mi,

Mo mọ̀ pé ìkọ̀wé mi lo máa ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò bíi dókítà, kí o tó ka ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Ó yá, yẹ̀ ẹ́ wò: ṣé o rí bó ṣe gún régé? Ilé iṣẹ́ tí ọmọ wa obìnrin wà, tí wọ́n ti ń ya àwòrán lẹ́tà fún àwọn tó ń tẹ̀wé, ló ní kí n kọ a, b, d sórí bébà nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, tí ọwọ́ ọ̀tún mi ṣì ń di bírò mú. Wọ́n ti kó o sínú kọ̀ǹpútà báyìí. Mo kàn ń fi ìka òsì kan tẹ̀ ẹ́, ìkọ̀wé mi ń jáde.

Ọ̀gá wọn gbé àyà síwájú bíi pé òun ló dá lẹ́tà sáyé. Ó ní, "Bàbá, a ti sọ ọwọ́ yín di aláìkú!"

Mo ní, "Ẹ ṣeun o. Ṣé ọwọ́ aláìkú náà á bá mi gbé ife tíì?"

Ọmọ rẹ kò rẹ́rìn-ín.

Má dààmú o. Ọwọ́ ọ̀tún kàn fẹ̀yìn tì ni, bíi tíṣà tó ni ín. Bá mi kí gbogbo ará ilé. Ìlà tó kẹ́yìn nísàlẹ̀ yìí nìkan ni mo fi bírò kọ. Bó bá wọ́, má bínú.

O kú ilé o. Tíṣà rẹ.