Yúnífọ́ọ̀mù Tó Wà Lábẹ́ Aṣọ Iṣẹ́

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín, mo kí ẹ̀rọ ìránṣọ yín, mo kí àwọn ọmọ tó ń dà yín láàmú. Ẹ̀yìn tó ń dùn yín ńkọ́? Mo nírètí pé ó ti ń fúyẹ́. Ara tèmi le, ọkàn mi ni kò balẹ̀, ẹ ó sì rí ìdí rẹ̀ kí lẹ́tà yìí tó parí.

Oṣù kẹrin rèé tí mo dé ilé ẹ̀kọ́ yìí, n kò tíì ní ọ̀rẹ́ kan. Bí mo bá ń jẹun, ògiri ni mo máa ń kọjú sí, kó lè dà bíi pé èmi ni mi ò fẹ́ bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ẹ ṣáà mọ̀ mí. Ibi kan ṣoṣo tí mo ti ń la ẹnu ni ilé màmá àgbà kan tí mò ń bá tẹ̀wé lọ́sàn-án Sátidé. Oníròyìn ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Ìtàn àròsọ ni wọ́n ń kọ báyìí, ìwé mẹ́rin ló sì ti jáde. Ìyá Kálàmù ni àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ rí ń pè wọ́n, torí wọn kì í fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. Wọ́n á kọ ọ́ lọ́wọ́, èmi á tẹ̀ ẹ́.

Wọ́n sọ ohun kan fún mi nípa iṣẹ́ wọn. Nígbà tí wọ́n ṣì kéré lẹ́nu rẹ̀, obìnrin kan fi hàn wọ́n bí ilé iṣẹ́ ọṣẹ kan ṣe ń da omi olóró sẹ́yìn ilé àwọn èèyàn. Wọ́n gbé e jáde lójú ewé kìíní. Wọn ò dárúkọ obìnrin náà, ṣùgbọ́n wọ́n kọ ilẹ̀kùn rẹ̀ aláwọ̀ ewé, wọ́n kọ ọmọ rẹ̀ tó ń tiro. Ta ni kò ní mọ̀ ọ́n? Ilé iṣẹ́ yẹn náà ni ọkọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n lé ọkọ náà lẹ́nu iṣẹ́. Obìnrin náà wá sí ọ́fíìsì ìwé ìròyìn, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, kò bú ẹnikẹ́ni. Ó kàn ní, “Ṣé ẹ ò lè kà á fún mi kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ ni?”

Láti ọjọ́ náà, wọn kì í tẹ ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni jáde láìkọ́kọ́ kà á fún onítọ̀hún. Ó fa iṣẹ́ wọn sẹ́yìn. Olóòtú a máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìròyìn òní, ó di ọ̀túnla kí Ìyá Kálàmù tó gbé e dé. Nígbà tó sú u, ó gbé wọn lọ sídìí ìkéde òkú, ó ní àwọn yẹn ò ní lè sọ pé àwọn ò fẹ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n ọdún mọ́kànlá ni wọ́n lò níbẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ ìwé wọn àkọ́kọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi, ibi tí mò ń lọ rèé. Lọ́jọ́ kan tí òjò ò jẹ́ kí n lọ sílé, wọ́n bi mí pé ta ló rán mi lọ síléèwé. Mo ní ẹ̀yin ni. Ẹnu mi ṣí, mi ò rí i pa dé mọ́. Mo sọ bí bàbá wa ṣe ní kí ẹ fi iléèwé sílẹ̀ kí èmi lè máa lọ, tí ẹ fi lọ kọ́ṣẹ́ aránṣọ. Mo tún sọ ohun tí mi ò sọ fún ẹ̀yin gan-an rí. Fún odidi ọdún kan, ẹ̀ ń wọ yúnífọ́ọ̀mù yín sábẹ́ aṣọ iṣẹ́. Mo rí kọ́là rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan tí ẹ ń bá mi di okùn bàtà. Mo ṣe bí ẹni tí kò rí nǹkan kan.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mò ń tẹ orí kẹta ìwé wọn tuntun, mo bá yín pàdé níbẹ̀, pẹ̀lú kọ́là yẹn. Ó dára ju bí mo ṣe sọ ọ́ lọ, ìyẹn ló tún dùn mí jù. Ọwọ́ mi dúró. Ìyá Kálàmù yọ dígí ojú wọn, wọ́n ní, “Má tíì tẹ̀ ẹ́. Ìwọ kọ́ lo ni ín, èmi náà kọ́. Bi ẹ̀gbọ́n ẹ.” Ẹsẹ̀ wọn ò gbé ìrìn àjò mọ́, wọn ò lè wá kà á fún yín. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ̀wé.

Ẹ dárí jì mí pé àjèjì ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Kí abẹ́rẹ́ má gún yín lọ́wọ́, kí ẹ̀yìn yín fúyẹ́, kí àwọn ọmọ yín kàwé débi tó bá wù wọ́n.

Èmi ni àbúrò yín tí ẹ ń di okùn bàtà fún.

Àfikún: Bébà méje tó wà nínú àpò ìwé yìí ni orí kẹta náà, ní ìkọ̀wé ọwọ́ wọn. Kò sí òmíràn; ìwọ̀nba tí mo ti tẹ̀, mo ti pa á rẹ́. Bí ẹ bá gbà, ẹ dá wọn padà. Bí ẹ ò bá gbà, ẹ fi wọ́n gé pátánì aṣọ. Ìyá Kálàmù ní kí n sọ fún yín pé àwọn ò ní kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì.