Ìjì Tí Mo Fi Ààrò Tútù Dènà

Àtàndá ọmọ mi,

Ṣé Èkó ń tọ́jú rẹ? Àwa jí, a dúpẹ́. Odò Ọ̀ṣun kò ní gbé oríire rẹ lọ. Àpèkẹ́ àbúrò rẹ ló ń bá mi kọ ìwé yìí. Ibi tí o bá ti rí tàdáwà tó dà sórí ìwé, ẹ̀rín ló ń rín.

Ọ̀rọ̀ ìtìjú ni mo mú wá. Tíṣà Àpèkẹ́ ló kọ́ wọn nílé ìwé bí ìjì tó ń fẹ́ yípo ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Tiwa ni pé bó bá ń bọ̀, a ó kí Ọya, a ó sì yà fún un. Àpèkẹ́ ní afẹ́fẹ́ gbígbóná ló ń gòkè, tútù ló ń sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á wá máa yí bí òkòtó nínú ìkùukùu títí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò fi kanlẹ̀. Mo bojú wo ìkòkò ìyá rẹ, mo rí ooru tó ń gòkè, mo rò pé ibẹ̀ ni ìjì ti ń bẹ̀rẹ̀. Mo da omi sí ààrò, mo ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dáná mọ́ títí òjò àkọ́rọ̀ yóò fi kọjá. Ìyá rẹ bi mí pé ṣé inú ìkòkò òun ni Ọya ń gbé ni. Mo ní kò lọ sílé ìwé ni kò jẹ́ kó mọ̀. Èmi náà kò lọ.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni Fáwùmí, bàbá Àdùkẹ́ àfẹ́sọ́nà rẹ, fẹsẹ̀ rìn láti Alajue wá dá ọjọ́ ìgbéyàwó fún wa. Ẹ̀kọ àná la gbé síwájú wọn, kò sí ọbẹ̀. Wọ́n wo ààrò, wọ́n rọra bi mí pé ta ló kú. Mo ní kò sẹ́ni tó kú, ìjì ni mò ń dènà. Wọ́n dìde, wọ́n gbọn aṣọ wọn, wọ́n ní àwọn kò bí Àdùkẹ́ fún ilé tí kì í dáná fún àlejò. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni ìjì jà, ó ká òrùlé àká wa lọ, ààrò sì tutù rinrin!

Mo lọ bá tíṣà. Kò fi mí rẹ́rìn-ín, ìyẹn ló dùn mí jù. Ó ní ìkòkò ọbẹ̀ kì í bí ìjì, ooru tó bo oko àti odò káàkiri ni, àti ìkùukùu tó ga ju òkè lọ. Sìmbíátù, ọmọ ilé ìwé rẹ̀ kan tí kò tíì pààrọ̀ eyín, fà mí láṣọ, ó ní kí bàbá máa lọ dáná.

Ọmọ mi, fi owó ránṣẹ́ kí n fi ra ohun tí n ó gbé lọ bẹ àna wa, kí ìwọ náà tẹ̀lé e bọ̀. Àdùkẹ́ ṣì ń dúró dè ọ́, ìyá rẹ gbọ́ ọ lọ́jà. Elédùmarè kò ní jẹ́ kí ojú tì ọ́ bó ṣe tì mí. Bí ọkọ̀ ojú irin bá ń wọ Ẹdẹ tí o rí èéfín lórí ilé wa, má ṣe pariwo, ilé kò jó. Èmi ni mo jókòó ti ààrò tí mò ń fẹ́ iná, kí èéfín rẹ̀ lè ga títí Fáwùmí yóò fi rí i láti Alajue.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ògúndèyí