Ta Ló Kọ́ Wálé Ṣéńjì Lórin?

Ìyá mi, Ìyá Mufu, ẹ kú ilé o. Ẹ kú òjò, ẹ kú ìmúra Iléyá. Èmi Kàmọ́rù, bábà agẹrun tí kò lẹ́gbẹ́ ní gbogbo Ògbómọ̀ṣọ́, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja láti Under G, ládùúgbò yunifásítì níbí. Ṣọ́ọ̀bù mi ò gùn tó mi o, ẹsẹ̀ mi wà nínú òjò níta, torí náà ẹ tètè ní kí n dìde. Ẹ bá mi kí Bàbá, Bùsàrí Aláràbarà, ọba àwọn olórin Ọ̀yọ́ nígbà kan rí. Ẹ bá mi kí Bọ̀dá Mufu náà, tí wọ́n bá ti gbé fóònù wọn kalẹ̀. Rọ́fíà, àbúrò mi, ìwọ lo máa kà á fún Màámi. Má fo ọ̀rọ̀ kankan o. Ibi tó bá ti gbóná ni kó o ti gbóhùn sókè.

Mo mọ̀ pé ẹ máa bi mí pé kí ló dé tí mi ò pè yín lórí fóònù, tí mo wá kọ ọ́ sórí Fesibúùkù níbi tí gbogbo ọmọ Ọ̀yọ́ á ti rí i. Tí mo bá pè, Bàbá ló máa gba fóònù lọ́wọ́ yín. Tí mo bá sọ fún Bọ̀dá Mufu, ọ̀rọ̀ á kú síbẹ̀. Ojú gbogbo ayé ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìsọkúsọ yìí, ojú gbogbo ayé náà la ó ti parí ẹ̀.

Kí n kọ́kọ́ ròyìn ara mi. Àwọn tí kò kúrò ní Akẹ̀sán rí máa ń sọ pé Ògbómọ̀ṣọ́ ò jìnnà, pé èèyàn lè lọ kó bọ̀ lọ́jọ́ kan náà. Kí wọ́n wá gbé e wò. Kí wọ́n wá dá jẹun alẹ́ níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní bi wọ́n pé ṣé ó yó wọn. Òjò ibí yìí ò mọ àlejò, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti lọ sílé fún ìsinmi, gbogbo Under G dákẹ́ bí ilé tí wọ́n ti ń ṣọ̀fọ̀. Iná ò sí, ariwo jẹnẹrétọ̀ ni mo fi ń ṣe ará ilé. Àmọ́ ẹ má káàánú mi. Tí ṣọ́ọ̀bù àwọn tó kù bá ṣófo, ti èmi ṣì ń rí èèyàn. Ọ̀gá kan ní yunifásítì ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi, ó ní òun ò tíì rí ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ fúyẹ́ tó tèmi. Nígbà tí mo fi ìwé sílẹ̀ ní kíláàsì kẹta sẹ́kọ́ńdìrì, Bọ̀dá Mufu ní màálù ni mo máa dà kiri. Mi ò tíì rí màálù kankan o. Orí àwọn ọ̀mọ̀wé ni mò ń dà síwá dà sẹ́yìn, wọ́n á tún dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ohun díẹ̀ tí mo fi rán onímọ́tò sí yín fún ọdún, ẹ má fi han Bàbá, kí wọ́n má lọ fi rán fìlà.

Ó yá, ká dé orí Wálé Ṣéńjì. Torí àwọn tí kò bá mọ̀ ọ́n, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ níbí ni, olórin tí àwọn ọmọ kékeré ń tìtorí ẹ̀ sunkún. Ó ń kọ fújì, ó ń kọ ti àwọn ọmọ ìgboro, tó bá di oṣù Kérésì á kọ ti ṣọ́ọ̀ṣì, ó tún ń fi Haúsá kọrin ìfẹ́. Ibi tí wọ́n ti ń pè é ní Ṣéńjì nìyẹn, torí wọn kì í mọ èyí tó máa yọ. Èmi ò rí nǹkan bàbàrà níbẹ̀. Ẹni tó ń jẹ nínú gbogbo abọ́, kò jẹ ọ̀kan yó. Irun orí ẹ̀ gan-an ò dáa kí n tó fọwọ́ kàn án, mo máa dé ibẹ̀.

Ṣéńjì fẹ́ kọrin fún àwọn ará ilé ẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ lẹ́yìn Iléyá. Ó wá ránṣẹ́ sí Bàbá ní Ọ̀yọ́ pé kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n wá bá òun kọ ẹyọ orin kan lórí sítéèjì. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ní làákàyè á ní o ṣeun, á dé fìlà, á wọ mọ́tò. Bọ̀dá Mufu ní ó tì o. Wọ́n ní à fi kí Ṣéńjì kọ́kọ́ bọ́ síta, kó sọ pé ọ̀dọ̀ Bùsàrí Aláràbarà lòun ti jí gbogbo ọgbọ́n òun, torí pé nínú gbogbo ayé, Bàbá nìkan ló kọ́kọ́ ń kọ oríṣiríṣi orin pọ̀. Wọ́n wá gbé ọmọlọ́mọ sórí Fesibúùkù, wọ́n ń pè é lólè. Bọ̀dá Mufu tó ń ta páàtì ọ̀kadà, tó jẹ́ pé tí wọ́n bá pe ìrun, ewúrẹ́ á sá kúrò ládùúgbò, àwọn ló fẹ́ dá ẹjọ́ orin.

Àwọn ọmọlẹ́yìn Ṣéńjì náà ò gbẹ́yìn. Wọ́n ní ta ni bàbá arúgbó yẹn, pé àwọn ò gbọ́ orúkọ ẹ̀ rí. Ọ̀kan ní nínú fọ́tò, Bàbá jọ ẹni tó ń ta oògùn jẹ̀díjẹ̀dí nínú mọ́tò. Ẹ má bínú, mo rẹ́rìn-ín díẹ̀ síyẹn. Àmọ́ Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Ẹ fi fóìsì ránṣẹ́ sí mi, ohùn yín sì wúwo. Ẹ ní Bàbá jókòó sí pálọ̀, wọn ò jẹun, wọn ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, wọ́n ní títí tí ọmọ yẹn á fi wá tọrọ àforíjì. Ẹ ní ilé ti dàrú, pé èmi tí mo wà nítòsí Ṣéńjì, kí n wádìí òótọ́ fún yín: ṣé ọmọ yẹn kọ́ ọ lọ́dọ̀ bàbá mi ni àbí kò kọ́ ọ?

Mo kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ náà lọ àwọn tó ń wá gẹ irun. Ẹ ò rí ìjà. Ẹnì kan ní orin kì í ṣe ilẹ̀ baba ẹnikẹ́ni, ẹnì kejì ní gbogbo ẹni tó bá ń kọ fújì pọ̀ mọ́ ti ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀dọ̀ ẹnì kan ló ti rí i. Gírámà rọ̀ bí òjò. Mo bi wọ́n pé ta ló ti gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì Bàbá rí nínú wọn, gbogbo wọn kọjú sí jíńgì.

Èmi ni mo rí ohun tí ojú wọn fò. Nínú orin Ṣéńjì tó jáde kẹ́yìn, ó ń kí ìlú kọ̀ọ̀kan, ó wá dé Ìrèsà, ó ní kí wọ́n bá òun kí wọn níbẹ̀, níbi tí àgbọn ti ń so. Ìyá mi, mo ti dé Ìrèsà. Wọ́n gbé mi lọ gẹ irun fún ọkọ ìyàwó àti àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀. Mo rí iṣu, mo rí ẹ̀gẹ́, mo rí ata. Igi àgbọn, mi ò rí ẹyọ kan. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí Ìrèsà wà lẹ́yìnkùlé ẹ̀, báwo ló ṣe máa sọ irú ẹ̀? Ẹnu kan ṣoṣo ni mo ti gbọ́ àgbọn Ìrèsà rí. Ẹnu yín ni. Nígbà tí ẹ bí Bọ̀dá Mufu, obìnrin tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì fún yín lágbọn, ó ní Ìrèsà lòun ti wá, ẹ bá parí èrò síbẹ̀. Bàbá fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ títí, ẹ ní ẹ̀yin lẹ jẹ ẹ́, àwọn kọ́. Ẹ fi sínú kásẹ́ẹ̀tì Bàbá nígbà tí ẹ ń gbe orin lẹ́yìn wọn, ẹ sì ń kọ ọ́ títí dòní tí ẹ bá ń ṣa ẹ̀wà.

Mo ní, ó parí, ọmọ yìí gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì wa. Ó kù díẹ̀ kí n pe Bọ̀dá Mufu pé wọ́n jàre, àmọ́ ẹnu mi kọ̀ ọ́, kò mọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọlọ́run ò wá jẹ́ kí n pè wọ́n. Ṣéńjì dé sí òtẹ́ẹ̀lì kan níbí, bábà tó ń tẹ̀ lé e láti Èkó ò sì rí mọ́tò wọ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè bábà tó mọṣẹ́ jù nígboro. Ta lẹ rò pé wọ́n máa dárúkọ? Mo gbé kílípà mi, mo lọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín, ó kéré sí inú fọ́tò, etí ẹ̀ tóbi. Mo gẹ irun apá kan orí ẹ̀ tán, mo wá pa kílípà. Mo ní, èmi ni ọmọ Bùsàrí Aláràbarà tí ìwọ àti àwọn èèyàn ẹ ń bú. Ọkùnrin tó ń bá a ṣètò dìde dúró. Ṣéńjì fọwọ́ kan ibi tí irun ṣì wà, ó ní ṣé mo fẹ́ fi òun sílẹ̀ báyìí ni. Mo ní ọwọ́ ẹnu ẹ̀ ló wà.

Mo ní, "Àgbọn Ìrèsà, ta ló fún ẹ?"

Ó rẹ́rìn-ín títí aṣọ tí mo dà bò ó fi já bọ́. Ó ní ìyá ìyá òun ló tọ́ òun, kásẹ́ẹ̀tì Aláràbarà kan ṣoṣo ló wà nínú ilé, òun fi sùn, òun fi jí. Mo ní ṣé o rí i, bàbá mi ló kọ́ ẹ. Ó mi orí, ó sì ń wo ojú mi nínú jíńgì.

Ó ní, "Bọ̀dá bábà, fìlà ni bàbá yín ń pààrọ̀. Obìnrin tó wà lẹ́yìn wọn yẹn ló ń pààrọ̀ ohùn."

Ó ní Bàbá á di orin kan mú bí ẹni di okùn àgbò mú. Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn, ẹ máa bẹ̀rẹ̀ bíi wákà, ẹ máa yọ́ bọ́ sínú orin ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ máa fi ẹkún ìyàwó kádìí ẹ̀, ẹ máa ti padà dé kí Bàbá tó mọ̀ pé ẹ jáde. Ó ní ibẹ̀ lòun máa ń dá padà, títí okùn kásẹ́ẹ̀tì fi já, tí ìyá ìyá òun fi na òun. Ó ní òun wo ara páálí kásẹ́ẹ̀tì títí, kò sí orúkọ obìnrin kankan níbẹ̀. Ó bi mí bóyá mo mọ̀ ọ́n. Mo ní ìyá mi ni. Ó ní kí lorúkọ wọn. Mo ní Ìyá Mufu. Ó ní òun ò béèrè Mufu.

Ọmọ kì í pe orúkọ ìyá ẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn mo pè é. Mo ní Ṣìfáwù Àbẹ̀kẹ́. Ẹ dárí jì mí.

Nígbà tí mo ń padà bọ̀ lórí ọ̀kadà, ọ̀rọ̀ yín ni mò ń rò. Bàbá fúnra wọn ló máa ń sọ ọ́ tí inú wọn bá dùn, pé kí wọ́n tó fẹ́ yín, orin wéré ààwẹ̀ nìkan ni wọ́n mọ̀ ọ́n kọ. Ẹ̀yin tí àǹtí yín tó jẹ́ tíṣà ṣọ́ọ̀ṣì tọ́ dàgbà, tí ẹ ń kírun tí ẹ sì mọ gbogbo orin ìkórè, ẹ̀yin lẹ wọlé ọkọ pẹ̀lú ẹrù ohùn. Ta ló wá sọ wọ́n di Aláràbarà? Ṣéńjì ò kọ́ nǹkan kan lọ́dọ̀ Bàbá. Kíláàsì yín ni àwọn méjèèjì jọ wà, Bàbá kàn tètè wọlé ni. Kí wọ́n jẹun o. Ohun tí kì í ṣe tẹni, wọn kì í jí i lọ́wọ́ ẹni. Kí Bọ̀dá Mufu yọ ìranù tí wọ́n kọ kúrò, kí wọ́n padà sídìí páàtì wọn.

Mo mọ̀ pé láti ìgbà tí ẹ ti Mẹ́kà dé ni ẹ̀gbọ́n Bàbá ti ní Àlájà kì í la ẹnu láàárín ọkùnrin. Ẹ ní orin ti tán nìyẹn. Wọn ò bi yín bóyá ẹ fẹ́ kó tán. Ṣéńjì ní kí ẹ wá. Ó ní bí ẹ ò tiẹ̀ kọrin, kí ẹ jókòó, òun á dárúkọ yín kí òun tó kọ ohunkóhun. Mo ní ìyá mi kì í sáré tẹ̀ lé ọmọdé kiri. Mo parí irun ẹ̀, ó dáa gan-an, ẹ máa rí i nínú fọ́tò. Àmọ́ mi ò ní ẹ máa wá, mi ò sì ní ẹ ò ní wá. Ẹnu tèmi kọ́ nìyẹn, ti Bàbá kọ́, ti Bọ̀dá Mufu kọ́.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ẹ jẹun ọmọ, kó fi àlàáfíà dé ilé wa, kó bá mi mú ọkàn Bàbá rọ̀ kí wọ́n tó ka èyí. Ẹ kí gbogbo ará ilé àti ará àdúgbò fún mi, àti àwọn tó ń bú mi lọ́wọ́ báyìí. Tí ẹ bá fẹ́ wá, màá wà ní gárèéjì, màá gba báàgì lọ́wọ́ yín. Tí ẹ ò bá fẹ́, kò burú. Àmọ́ kí wọ́n gbọ́ ọ ní Ọ̀yọ́, kí wọ́n gbọ́ ọ ní Ògbómọ̀ṣọ́, pé wọ́n pè yín, ẹ̀yin lẹ kọ̀.

Èmi ni,
Kàmọ́rù, ọmọ yín, ní Under G.