Bíútì Tó O Ní Kí N Fi Rán Jẹ́ẹ́dé

Ìwéré-Ilé,
ọjọ́ kejì ọjà.

Waheedat ọmọ mi,

Àlàáfíà kó máa bá ọ jí, kó máa bá ọ sùn. Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Èkó ò ní rí ọ gbé mì. Àwa náà wà níhìn-ín, a dúpẹ́. Kajú ti ń yọ òdòdó, ọyẹ́ ti jẹ́ kí gìgísẹ̀ mi sán, orúnkún mi ò sì gbọ́ àpèjẹ́ mọ́.

Iṣẹ́ tó o fi rán Jẹ́ẹ́dé onímọ́tò dé etí mi. Ó ní o ní kí n di Bíútì sínú àpò, kí n gbé e fún òun, òun á bá ọ gbé e dé Èkó. Mo ní ó dáa, kó dúró, mo ń bọ̀. Ó di ọjọ́ mẹ́sàn-án lónìí tí mo ti ń bọ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì péré lo ní kí n bá ọ tọ́jú òjòlá yìí, pé onílé rẹ ò fẹ́ ẹ. O gbé e wá nínú ike, o kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gbé e, o lọ. Òjò dé, òjò lọ, àgbàdo wọlé, a tà á tán. Ó rẹ̀ mí, Waheedat. Ẹni tó ń ra gàárì lọ́wọ́ mi, ojú ọ̀nà ló ń dúró sí báyìí tó ń pariwo pé Ìyá Waheedat, ẹ gbé e síta o, èmi ò wọ ilé olójòlá.

Ìwé tó o fi sílẹ̀, tíṣà Ìbùkún ló ń túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Ó ní kí n má na ọwọ́ sí i láti òkè, torí á rò pé àwòdì ló dé, ẹ̀gbẹ́ ni kí ọwọ́ ti wá. Ó ní tó bá jẹun tán kí n fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Fọ́ọ̀mù wà lẹ́yìn rẹ̀ tí mo gbọ́dọ̀ kọ bó ṣe ṣe sí nígbà tí mo fọwọ́ kàn án. Èmi kì í ṣàìgbọràn sí ìjọba, mo ń kọ ọ́. Àtìní: mo kí i, kò dáhùn, ó kàn ń yọ ahọ́n. Àtàláátà: ó ká jọ bí òṣùká, ó fi orí pamọ́ sáàárín. Níbi tí wọ́n ti ní ká fọwọ́ sí i, mo fi àtàǹpàkò mi tẹ̀ ẹ́, torí òun ò ní.

Ojú rẹ̀ funfun lọ́jọ́ kan, ó ń fín sí mi. Àwọn tó ń pín ìgò ojú lọ́fẹ̀ẹ́ sì wà nílùú, mo bá gbé e lọ, mo tò sórí ìlà. Nọ́ọ̀sì ní kí lorúkọ aláìsàn, mo ní Bíútì. Ó ní ṣé ó wà níbí, mo ṣí àpò. Fèrèsé ni nọ́ọ̀sì gbà jáde. Lọ́jọ́ kẹta Bíútì bọ́ awọ, ojú rẹ̀ mọ́ gaara. Tíṣà ní bó ṣe máa ń rí nìyẹn tó bá fẹ́ bọ́ awọ, kì í fẹ́ ká fọwọ́ kan òun nígbà náà. Ṣé kò yẹ kẹ́nìkan ti sọ fún mi ni?

Tó o bá tún fẹ́ pe fóònù mi, rọra máa pè é. Tó bá ti gbọ̀n lórí ẹní báyìí, Bíútì á ká jọ.

Láàárọ̀ ọyẹ́, ó máa ń wé mọ́ ọrùn ọwọ́ mi níbi tó ń ro mí, á dúró jẹ́ẹ́. Mo sọ fún tíṣà pé ó fẹ́ràn mi. Ó ní rárá, Màmá, ooru ara yín ló ń wá, ọwọ́ tí kì í kánjú ló sì ti mọ́ ọn lára. Mo rò ó títí. Ọwọ́ Jẹ́ẹ́dé ń kánjú, ẹsẹ̀ ló fi ń ti ẹrù èèyàn sábẹ́ àga. Láti ọjọ́ tó o sì ti lọ, Bíútì nìkan ni mo ń fọwọ́ kàn. Mi ò ní gbé e fún un. Wá mú un fúnra rẹ.

Mo nílò owó òróró orúnkún, àti owó eku, torí ẹni tó ń ta eku ní ejò mi ń jẹ ẹran ju òun lọ. Má fi sí báǹkì. Báǹkì ò mọ̀ mí. Fi sápò, kó o gbé e wá.

Ọlọ́run á ṣọ́ ẹsẹ̀ rẹ wálé, ọ̀nà á gbà ọ́, ọ̀nà ò ní nà ọ́. Tó o bá dé, mi ò ní dì mọ́ ọ lójijì. Wàá jẹun, màá fi ọ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì bí ìwé ṣe wí. Lọ́jọ́ kẹta màá ra ọwọ́ mi méjèèjì títí á fi lọ́ wọ́ọ́rọ́, màá sì gba ẹ̀gbẹ́ wá. Ṣùgbọ́n orí la ti ń súre fọ́mọ, òkè sì ni ọwọ́ ti ń bọ̀.

Jọ̀ọ́, má ká jọ.

Èmi ìyá rẹ,
Àwáwù.