Ẹni Tó Pa Ọ̀rọ̀ Ọṣẹ Dúdú Wa Rẹ́

Abà Ayélàágbé,
Ọjọ́ Ajé.

Gbémisọ́lá ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà ní Bódìjà? Ṣé ara le, ṣé o sì ń rí oúnjẹ jẹ lásìkò? Olúwa tí à ń ké pè lórí òkè àdúrà kò ní jẹ́ kí o rìn ín lásán. Àwa náà wà. Orúnkún bàbá rẹ ti fúyẹ́ díẹ̀, ewúrẹ́ wa sì bí méjì, ọ̀kan jọ òbúkọ ilé kejì gẹ́lẹ́, mi ò tíì bi wọ́n léèrè.

Ọ̀rọ̀ tí o sọ lórí fóònù lọ́sẹ̀ tó kọjá kò kúrò lọ́kàn mi. O ní ìwé ìmọ̀ orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí ẹ ń fi èdè wa kọ, tí ẹnikẹ́ni lè wọlé kún, ti sú ọ. O ní ẹ pe ọgbọ̀n èèyàn sí ìpàdé, wọ́n jẹ ìrẹsì, wọ́n forúkọ sílẹ̀, àwọn méjì péré ló kọ nǹkan, àwọn náà ò sì padà wá. O ní wàá fi í sílẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Ó dùn mí, torí ibẹ̀ ni o kọ bí ìyá mi ṣe ń se ọṣẹ dúdú sí, kò sì sí ibòmíràn tí a kọ ọ́ sí.

Mo wá ní kí n fojú ara mi rí i. Mo bẹ Tíṣà Ọpẹ́mipọ̀ tó ń kọ́ àwọn ọmọ abà wa, ó bá mi ṣí ojú ewé ọṣẹ dúdú náà lórí fóònù, èmi àti obìnrin ìjọ wa mẹ́fà jókòó tì í. Ó ní àwọn èèyàn ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́. Ṣé a ó wá bá èèyàn lẹ́nu iṣẹ́ ká má kí i? Mo ní kí ó kọ ọ́ sókè pátápátá pé ẹ kú iṣẹ́ o, Olúwa á fún yín lókun. Àwọn mẹ́fà náà ní kí ó kọ tiwọn, kálukú pẹ̀lú orúkọ ọmọ rẹ̀. Ìsàlẹ̀ ni mo wá kún un sí pé omi eérú èèpo kòkó gbọ́dọ̀ dúró di ọjọ́ kejì kí àdín tó kàn án, torí o gbàgbé ìyẹn.

Kò pé wákàtí kan, gbogbo ohun tí a kọ kún un ti pòórá. Ẹnì kan tó ń jẹ́ Akínbíyìí ló pa á rẹ́, títí kan ọ̀rọ̀ omi eérú. Ó ní kò sí ìwé tó jẹ́rìí sí i. Mo rò ó títí, ìwé wo ni yóò jẹ́rìí sí ìyá mi tí kò mọ̀wé? Inú bí àwọn obìnrin ìjọ, wọ́n ní àwọn ò débẹ̀ mọ́. Ni mo bá ní àbí báyìí náà ni wọ́n ṣe àwọn méjì tìrẹ tí kò padà wá.

Èmi ò lọ ní tèmi. Tíṣà ní ẹ̀yìnkùlé kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti ń bára wọn sọ̀rọ̀. Mo ní kí ó mú mi lọ, mo kí Akínbíyìí, mo bi í pé ọmọ ta ni, ṣé ó ti jẹun. Ọjọ́ kejì ló dáhùn. Ó ní Challenge n'Ìbàdàn níbẹ̀ lòun ń gbé, ọdún kẹrin rèé tí òun ti ń tún ibẹ̀ ṣe, ẹnikẹ́ni ò bi òun rí bóyá òun jẹun. Ó ní kí n má bínú, òun á wá ìwé tó sọ ti omi eérú ní láíbìrì yunifásítì. Ó mọ orúkọ rẹ. Ó ní bí o bá lọ, ó ku òun nìkan.

Jọ̀wọ́ fi owó dátà ránṣẹ́, tèmi ti tán, mo ń kí àwọn àlejò tuntun ní ẹ̀yìnkùlé. Ọlọ́run tó kó yín jọ kò ní tú yín ká, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ á gbé ọ dé ibi ayọ̀.

Kí o tó dá mi lóhùn, kọ́kọ́ lọ kí Akínbíyìí.

Èmi ìyá rẹ.